Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì dákẹ́: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí

Awakọ̀ Òru

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé tó wà káàkiri Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà òtútù, mo ní kí n gbé e síta kí oníkálùkù sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó tí ìjọba àpapọ̀ gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbogboogbò lọ́dún 2025 ni. Mi ò wá ìjà òṣèlú o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an ni mo fẹ́ gbọ́: ibi tẹ́ ẹ wà, ohun tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, èyí tẹ́ ẹ ò gbọ́ mọ́.

Kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ara mi. Tírélà ni mò ń wa, ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lóru mọ̀ pé oorun kì í ṣe ọ̀tá kékeré, orin kì í sì í lé e lọ, ohùn ènìyàn ló ń lé e. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ fún mi pé tí mo bá ti wọ ibi tí fóònù ò ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí n yí rédíò sí ìsàlẹ̀ pátápátá, láàárín 88 sí 92, ibẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í fi rédíò ṣòwò. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láti Nebraska títí dé Utah lójú ọ̀nà I-80, ohùn tí mò ń gbọ́ ni mo fi ń mọ ibi tí mo dé. Tí ohùn kan bá ti ń ṣá, tí ariwo ń bò ó mọ́lẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti fẹ́ bọ́ sí àgbègbè ẹlòmíràn.

Bàbá kan wà ní Wyoming. Mi ò rí i rí. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló máa ń wọlé, á kọ́kọ́ wúkọ́, á wá sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Kì í sọ ọ́ bíi ti fóònù tó kàn máa ń kó nọ́ńbà lé ara wọn. Bàbá yìí á ní afẹ́fẹ́ ti ń jà lápá Elk Mountain o, ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ṣófo, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ṣófo! Èmi gan-an ló ń bá wí.

Lóṣù Kọkànlá, mo ń bọ̀ láti apá ìlà-oòrùn, mo ti já ẹrù, tírélà fúyẹ́ lẹ́yìn mi. Mo yí i síbi tí bàbá máa ń wà. Orin ni mo bá. Orin parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìkankan nínú wọn. Aago mẹ́fà lu, ìròyìn wọlé láti Washington, ó parí, orin tún padà. Mo ní bóyá ara bàbá ò yá ni. Mo bá ń lọ. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi gbá tírélà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èjìká ti ilẹ̀kùn tó há. Mo rí táyà ẹ̀yìn nínú dígí, ó gbéra nílẹ̀, ó tún bọ́ padà. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo rọra ń fà á bí ìgbín títí mo fi dé Rawlins, wọ́n sì ti ti géètì ọ̀nà. Wákàtí mọ́kànlá ni mo fi jókòó.

Obìnrin tó ń ta kọfí níbẹ̀ ni mo bi léèrè bàbá. Ó ní wọ́n ti dá a dúró láti ìparí oṣù Kẹsàn-án, òun àti ọmọbìnrin tó ń ka ìròyìn, pé owó tán. Kọ̀ǹpútà ló ń gbé orin sí i báyìí.

Mi ò sọ pé bàbá ì bá dá afẹ́fẹ́ dúró o. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti dúró ní Laramie.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kẹ́ ẹ má sì bínú. Inú mi dùn nígbà tí wọ́n gé owó yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń san owó orí níbí, mi ò tẹ́tí sí wọn rí ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tí mo sì gbọ́ níbẹ̀, apá kan ni wọ́n ń gbè. Kí ló dé tí n ó máa san owó fún ẹni tí kò ka èrò mi kún? Ó ti wà lórí fóònù, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àwọn NPR yìí, àjọ rédíò gbogboogbò tó wà ní Washington, fúnra wọn ló sọ pé bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni owó tí ìjọba ń fún wọn tààrà. Tó bá jẹ́ ìdá kan ni, kí wá ni ariwo yìí?

Ẹ̀ńjìníà Òpó

Ọmọ Ẹ̀gbá, ìbéèrè yín dáa, ìdáhùn rẹ̀ ló gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ẹ ní sùúrù fún mi, mo máa gùn díẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ẹ̀ńjìníà ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní ìgbèríko, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀. Wọ́n dá ẹni mẹ́ta dúró, èmi wà nínú wọn.

Owó tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ọ̀dọ̀ àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Corporation for Public Broadcasting, CPB, ló ń gbà wá. Ààrẹ Lyndon Johnson ló fọwọ́ sí òfin tó dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1967. Nǹkan bí mílíọ̀nù 535 dọ́là lọ́dún ni wọ́n ń fún un tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín in fún gbogbo ará Amẹ́ríkà, kò ju dọ́là kan àti ọgọ́ta sẹ́ǹtì lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé: ó ju ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ìbílẹ̀, àwọn tó ju ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ káàkiri. Kì í ṣe NPR ló ń gba ọ̀pọ̀ rẹ̀. PBS, àjọ tẹlifíṣọ̀n gbogboogbò, máa ń rí tó bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó tiwọn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Rédíò tó wà nílùú ńlá ní àwọn olówó tó ń fi owó ránṣẹ́, tó ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́, tó ní yunifásítì lẹ́yìn. Tí wọ́n bá gba owó ìjọba lọ́wọ́ irú wọn, á dùn wọ́n, wọ́n á dá ènìyàn dúró, wọ́n á máa bá a lọ. Tiwa, ó lé ní ìdajì owó tó ń wọlé fún wa. Ìlú tí gbogbo èrò inú rẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ta ni ẹ fẹ́ kó wá ṣe onígbọ̀wọ́? Ilé epo kan la ní, àti ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ gbì ló ń kú gbì. Níbí o, ẹni tí wọ́n ń bínú sí wà láàyè, ẹni tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ ló kú.

Iṣẹ́ mi, òpó ni. Òpó wa wà lórí òkè, ìrìn wákàtí kan àtààbọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀, ìgbà òtútù a ó gun ẹ̀rọ orí yìnyín dé ibẹ̀. Ilé kékeré kan wà nídìí òpó, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tan ohùn káàkiri wà. Ó máa ń gbóná bí ààrò, ìdí nìyẹn tí eku fi fẹ́ràn ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ìyá eku kan bí ọmọ márùn-ún sínú ẹ̀rọ amúlétutù, ọjọ́ méjì la ò fi wà lórí afẹ́fẹ́. Iná pupa tó wà lórí òpó, tó bá kú, a ní láti fi tó àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú létí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí bàlúù má lọ kọlù ú. Kò sí ìkankan nínú èyí tó jẹ́ òṣèlú. Owó iná mànàmáná ni, owó gílóòbù, owó dísù fún jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí owó dá, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a dín agbára ẹ̀rọ kù. A gba àṣẹ kí a tó ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nínú ìlú, ẹ ò ní mọ̀ rárá, àmọ́ àwọn tó wà ní oko lẹ́yìn òkè, ohùn wa ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ látọjọ́ yẹn. Ìyá arúgbó kan ń pe fóònù wa lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó ní rédíò òun ti bàjẹ́, kí a bá òun wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ó ṣòro fún mi láti sọ fún un pé rédíò rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ orin. CPB ló máa ń bá àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin dúnàádúrà fún gbogbo wa lápapọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé rédíò ẹlẹ́ni mẹ́fà lè lọ gba lọ́yà tí á máa bá àwọn wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀? Tí a bá sì ti ilẹ̀kùn pa, tí a dákẹ́ fún oṣù méjìlá gbáko, ìwé àṣẹ wa ti kú nìyẹn, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà lẹ́yìn náà, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjìníà. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa òpó, mo mọ̀ nípa áńtẹ́nà. Àbí kí n sọ pé dígí wíńdò mi mọ̀ nípa rẹ̀.

Arkansas ni mo wà. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, yàrá kan ni, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-ìpẹran adìẹ, èmi ń tọ́jú àwọn ọmọ. Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́, dátà fóònù la ń fún bí ọsàn. Aládùúgbò mi kan, obìnrin aláwọ̀ funfun, ló fún mi ní áńtẹ́nà pẹlẹbẹ kan tó dà bí àwo, ó ní kí n fi lẹ́ẹ̀mọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, lójijì ni àwọn ẹranko aláwọ̀ mèremère bá ń jó. Tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé, tọ̀sán-tòru, kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Tẹlifíṣọ̀n tí kò sọ fún ọmọ rẹ pé kó sunkún kí o tó ra nǹkan fún un.

Ibẹ̀ ni àwọn ìbejì mi ti mọ A-B-D èyíinì ti òyìnbó. Ibẹ̀ ni èmi náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ níbí, mi ò tijú láti sọ ọ́. Táyé máa ń kí mi ní "ẹ káàárọ̀" pẹ̀lú ohùn ẹran tó wà nínú ètò, imú ló fi ń sọ ọ́, bàbá rẹ̀ á sì dá a dọ̀bálẹ̀ kó tún un kí.

Kó tiẹ̀ tó di pé wọ́n gé owó CPB, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ti fòpin sí owó tí wọ́n fi ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa dìbò pé àwọn ń kúrò lábẹ́ PBS láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2026. Wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là ni àwọn ń san fún PBS lọ́dọọdún, owó ìjọba tí àwọn pàdánù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye kan náà. Wọ́n ní àwọn á máa ṣe ètò tiwọn. Ó lè dára o, mi ò sọ pé kò ní dára.

Àwọn tèmi ti dàgbà díẹ̀, a sì ti ní íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ìyàwó kan dé láti ilé nínú oṣù Kìíní, ìjọ kan náà la ń lọ, ó wà nínú yàrá kan bí èmi ṣe wà nígbà náà, ó gbé ọmọ ọdún mẹ́ta dání. Mo yọ áńtẹ́nà yẹn lára dígí mi, mo gbé e lọ fún un. Bí mo ṣe ń bá a lẹ̀ ẹ́, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé títí láé ni?" Mo ní ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wò ó ná.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀ńjìníà, mo gbọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ ìgbèríko, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ò ṣe lè san owó tiwọn? Àwọn tó ń gbọ́ ọ ńkọ́? Ìjọ mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, a sì ń tan iná.

Onígbọ̀wọ́ Dọ́là Mẹ́wàá

Àbúrò Ẹ̀gbá, ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìjọ, nítorí mo rẹ́rìn-ín.

Cleveland ni mo wà, dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n máa ń yọ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù fún rédíò. Ẹ ò tíì gbọ́ ìkórè tí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ̀sẹ̀ tí rédíò gbogboogbò ń tọrọ owó. Wọ́n á dá ìròyìn dúró láàárín, wọ́n á ní ó ku ẹni méjìlá, ó ku ẹni mọ́kànlá, ta ló máa ṣe ìkẹwàá? Gẹ́lẹ́ bí bàbá ìjọ wa ṣe máa ń tajà iṣu lórí pẹpẹ! Wọ́n á fún ọ ní kọ́ọ̀bù tó o bá san tó ọgọ́ta. Mo ní kọ́ọ̀bù mẹ́rin.

Lóṣù Keje tí ọ̀rọ̀ yẹn gbóná, owó wọlé. Èmi fúnra mi fi márùn-ún kún tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, rédíò ìlú mi ni mo fi ránṣẹ́ sí. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó san owó, ti ìlú tiwọn ni wọ́n san án sí. Mi ò mọ orúkọ rédíò ìgbèríko kan ṣoṣo títí mo fi ka ọ̀rọ̀ Ẹ̀ńjìníà yìí. Ohun tí CPB wà fún gan-an nìyẹn: ó ń gba dọ́là tèmi ní Cleveland dé orí òkè tí eku ti ń bímọ.

Nọ́ọ̀sì Arìnrìn-àjò

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ka gbogbo rẹ̀ tán kí n tó kọ tèmi.

Nọ́ọ̀sì oníwèé àdéhùn ni mí, ibi tí wọ́n bá ti nílò wa la ń lọ. Alaska máa ń sanwó gidi nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2025, Kodiak ni mo wà, erékùṣù ni. Ọ̀sán ni, mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, mo ń fọ aṣọ. Ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mì lọ́dọ̀ wa, àmọ́ láìpẹ́ fèrè ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ké, fóònù mi náà ń ké. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó tó 7.3 ti ṣẹlẹ̀ nínú òkun lápá Sand Point, omi lè máa bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò lè lúwẹ̀ẹ́.

Mo wọ ọkọ̀ pẹ̀lú slípásì ẹsẹ̀ kan. Mo gun òkè lọ síbi tí mo rí i tí ọkọ̀ àwọn yòókù ń lọ. Nígbà tí a dé òkè, gbogbo èèyàn kàn jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ṣí dígí sílẹ̀, ohùn kan náà sì ń jáde láti inú gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Fóònù ti sọ fún wa pé ká sá. Ẹni tó wà lórí rédíò ló ń sọ ibi tí a lè sá sí, ó ń sọ pé ìgbì tí wọ́n rí kò ga, pé ẹ dúró ná, pé ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó ń dárúkọ òpópónà. Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi wo ẹsẹ̀ mi, ó fún mi ní bàtà ìpẹja kan, ó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Kí n tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ìròyìn dé pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti dìbò ní Washington, 51 sí 48, pé kí wọ́n gba owó náà padà. Òru ti jìn lọ́dọ̀ wọn, alẹ́ ọjọ́ kan náà ló ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ wa, bàtà ìpẹja yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Lisa Murkowski tó ń ṣojú Alaska wà lára àwọn Republican méjì tó dìbò lòdì sí i. Ilé kejì fọwọ́ sí i ní 216 sí 213, ààrẹ buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 24 oṣù Keje. Bílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là, owó ọdún méjì tí wọ́n ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, mo ti wà ní Bethel, lápá ìwọ̀-oòrùn Alaska níbi tí kò sí ọ̀nà ọkọ̀ kankan tó wọ ibẹ̀ láti ìlú ńlá. Ìyókù ìjì Halong jà lọ́jọ́ 12, ó wó ilé, ó gbé òmíràn léfòó lọ pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀ ní Kipnuk àti Kwigillingok. Bàlúù ológun ló ń kó wọn jáde. Ìyá àgbàlagbà kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, ará Yup'ik ni, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Alaska, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Mo bi í ní ibi tó ń dùn ún, kò dá mi lóhùn. Mo fún un ní omi, kò mu ún. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá gbé rédíò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, ó yí i sí ilé-iṣẹ́ rédíò KYUK, wọ́n ń sọ èdè Yup'ik. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi orúkọ àwọn ìlú. Ìyá yìí na ọwọ́, ó fa rédíò náà mọ́ etí, ó pa ojú dé. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú ló sọ pé eékún òun ń dun òun.

Èmi Yorùbá, mo dúró síbẹ̀ mo ń rò ó pé tí mo bá dàgbà, tí mo ń ṣàìsàn nílùú yìí, ta ni á gbé irú rédíò bẹ́ẹ̀ sí etí mi? Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. KYUK ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún 1971. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún wọn ló bá ti CPB lọ. Àwọn elérò rere ń dá owó jọ fún irú wọn, mo gbọ́ ọ, àmọ́ owó tí wọ́n dá jọ lónìí, ẹ ó tún ní láti dá a jọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ará Asheville

Tèmi ò gùn. Ìjì Helene, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "ó wà lórí fóònù", fóònù mi wulẹ̀ jẹ́ dígí lásán ni, mo ń fi í wo irùngbọ̀n mi.

Ọkọ̀ Corolla mi ni gbogbo àdúgbò wa fi ṣe rédíò. Aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ń tan án fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí epo má bàa tán, èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á yí mi ká. Rédíò gbogboogbò ìbílẹ̀ ń ka ibi tí omi wà, ibi tí afárá ti wó, ọ̀nà tó ṣì ṣeé gbà. Ọmọbìnrin kan ń kọ ọ́ sára páálí, a sì gbé páálí náà kọ́ sára igi tó wó. Oṣù Kọkànlá ti dé ọjọ́ 18 kí wọ́n tó sọ fún wa pé omi ẹ̀rọ ṣeé mu.

Ìgbà tí owó ṣì ń lọ nìyẹn. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Texas

Ẹ ṣé, mo ti gbọ́ gbogbo yín. Lórí ti NPR, mi ò yí ohùn padà, kí wọ́n máa fi owó ara wọn gbè sí ibi tó wù wọ́n. Ti òpó àti ti ìkìlọ̀ ìjì, ká ní ẹnì kan ti là á yé mi báyìí nígbà náà, mi ò ní sọ pé kí wọ́n gé e. Wọn ò yà á sọ́tọ̀ fún wa, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dì pọ̀ sínú àpò kan.

Awakọ̀ Òru

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ ká ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. CPB náà ò sí mọ́ báyìí o, oṣù Kìíní ọdún 2026 ni ìgbìmọ̀ rẹ̀ dìbò pé kí wọ́n tú àjọ náà ká pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ lọ́la, kò sí àpò tó máa gbé e gbà mọ́.

Ẹ̀ńjìníà, ẹ jọ̀ọ́, ilé-iṣẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀?

Ẹ̀ńjìníà Òpó

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù ń sá sókè sá sódò. Mo ti rí iṣẹ́ mìíràn nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí méjì sí ibẹ̀ ni mò ń gbé báyìí.

Kọ́kọ́rọ́ ilé ìdí òpó ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọn ò bèèrè rẹ̀, èmi náà ò sì dá a padà. Sátidé ìkejì nínú oṣù ni mo máa ń gòkè lọ. Mo ń gbọn eruku, mo ń wo dísù, mo ń dẹ pàkúté eku. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú.

Awakọ̀ Òru

Ẹ bá mi fi nọ́ńbà rédíò náà ránṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, lóru.

Ẹ̀ńjìníà Òpó

Mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ tètè yí i síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé afárá o, agbára ẹ̀rọ ti kéré. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn òkè, ẹ ò ní gbọ́ wa mọ́.